Igi eléso tí wọ́n tẹ́ mọ́ ògiri: ẹ bá mi dá sí i, ẹ̀yin ará Ìbàdàn

Ìyá Akóbọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò mi tó wà nílùú ọba fi àwòrán igi píà òyìnbó kan ránṣẹ́ sí mi, kì í ṣe píà tí à ń fi búrẹ́dì jẹ. Igi náà kò yọ orí bí igi tiwa. Ṣe ni wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ mọ́ ara ògiri, ẹ̀ka rẹ̀ nà lọ sọ́tùn-ún àti sósì ní ipele mẹ́rin, èso sì so sí i lára láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó wù mí gan-an ni.

Nílé wa l'Ákóbọ̀ yìí, ilẹ̀ tó ṣẹ́kù láàárín ilé àti fẹ́ǹsì kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n ó gùn tó ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà. Bí mo bá gbin máńgòrò síbẹ̀, yóò wó fẹ́ǹsì fún wa lọ́jọ́ iwájú. Mo sì fẹ́ èso tí àwọn ọmọ lè na ọwọ́ já fúnra wọn. Ǹjẹ́ píà òyìnbó yìí lè ṣe dáadáa níbí? Bí kò bá lè ṣe é, igi wo ló gbà kí á tẹ̀ ẹ́ báyìí? Báwo ni wọ́n sì ṣe ń pa ẹ̀ka rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Olùtọ́jú Ọgbà

Ẹ káàárọ̀ o, Mọ̀mí. Iṣẹ́ ọgbà ni mò ń ṣe jẹun n'Ìbàdàn yìí. Ẹ má náwó lórí píà òyìnbó rárá. Igi ilẹ̀ òtútù ni. Bí òtútù bá dé lọ́hùn-ún, yóò wọ́ ewé dànù, yóò sùn, ó sì gbọ́dọ̀ sùn tó kó tó lè tanná dáadáa. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ló ń fẹ́ ju 600 wákàtí lọ nínú òtútù tí kò ju 7°C lọ. Ọyẹ́ tiwa wá ńkọ́? Kódà láàárọ̀ tí gbogbo wa bá ń wá súwẹ́tà kiri, ó ṣọ̀wọ́n kí Ìbàdàn tutù kọjá 15°C. Bí igi yẹn bá tiẹ̀ yè, ewé ni yóò máa yọ, kò ní so.

Ọgbọ́n tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ni kí ẹ mú, kí ẹ fi píà sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Gúáfà yóò gbà á. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà yóò gbà á. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun, kó kọ́kọ́ là á sílẹ̀ fún wa, kí á wá wo èyí tó bá ilẹ̀ wa mu.

Ọmọ Ìbàdàn Lókè Òkun

Ẹ kú ilé o, Mọ̀mí. Ọmọ Òkè-Àdó ni mí, Leeds ni mò ń gbé báyìí, mo sì ní igi píà kan lẹ́yìnkùlé mi tó wà lórí wáyà. Irú tí wọ́n ń pè ní Conference ni.

Ọ̀nà yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ní Versailles nílẹ̀ Faransé, ọgbà ẹ̀fọ́ àti èso tí wọ́n dá fún Ọba Louis Kẹrìnlá láàárín 1678 sí 1683 ṣì wà títí dòní, igi píà tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Òtútù ló jẹ́ kí wọ́n máa sá tọ ògiri. Ògiri tó dojú kọ oòrùn yóò gba ooru sára lọ́sàn-án, yóò sì máa tú u sílẹ̀ lóru, èso á lè gbó, á sì dùn.

Wáyà la ó kọ́kọ́ ta, ọ̀kan sí èkejì yóò jìnnà tó 40 sí 45 sẹ̀ǹtímítà. Igi tí à ń rà, orí ìdí igi mìíràn tí wọ́n ń pè ní quince ni wọ́n ti so ó mọ́, kó má bàa ga jù. Ìgbà òtútù tí igi ń sùn la máa ń gbìn ín, igi kan ṣoṣo tó nà gbọọrọ, tí kò tíì ní ẹ̀ka. A ó bẹ́ ẹ lórí níbi wáyà àkọ́kọ́, a ó sì rí i dájú pé ojú mẹ́ta tó dára (ibi tí ẹ̀ka tuntun ti ń yọ) wà lábẹ́ ibi tí a gé. Ojú tó wà lókè pátápátá ni yóò máa gòkè lọ. Méjì tó tẹ̀ lé e ni yóò di apá ọ̀tún àti apá òsì.

Ẹ fiyè sí ibí yìí dáadáa. Ẹ má tẹ apá méjèèjì dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀ka tó bá dúró ṣánṣán ló máa ń yára gùn jù, èyí tó bá dùbúlẹ̀, eré rẹ̀ á dín kù. Nítorí náà, a ó so wọ́n mọ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n wà láàárín ìdúró àti ìdùbúlẹ̀, kí wọ́n sì gùn tó bó ṣe yẹ. Bí ọ̀kan bá ń gùn ju èkejì lọ, ẹ tẹ èyí tó gùn wálẹ̀ díẹ̀, kí ẹ gbé èyí tó kúrú sókè díẹ̀, wọn yóò bá ara wọn dọ́gba. Bí wọ́n bá ti gùn tó, a ó wá tẹ̀ wọ́n sórí wáyà pátápátá. Ọdún kan, ipele kan: báyìí la ó ṣe máa bá a lọ títí dé wáyà tó kẹ́yìn.

Ní ti pípa ẹ̀ka, píà kì í so lórí ẹ̀ka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Kùkùté kéékèèké olókókó tó ti pẹ́ lára apá ló máa ń so sí. Láti àárín oṣù Keje, ẹ̀ka tuntun tó bá yọ tààrà lára apá tó sì gùn kọjá 20 sẹ̀ǹtímítà, a ó gé e kó ku ewé mẹ́ta, láìka àwọn ewé tó ṣù jọ sídìí rẹ̀. Èyí tó bá yọ lára kùkùté àtijọ́, ewé kan péré la ó fi sílẹ̀ fún un. Ìyẹn ló ń sọ ẹ̀ka eléwé di ẹ̀ka eléso. Bí ìgbà òtútù bá dé, a ó dín àwọn kùkùté tó bá há mọ́ra wọn jù kù.

Ìyá Akóbọ̀

Olúwa á bù kún un yín. Ó ti ń yé mi bọ̀. Ìbéèrè méjì: ṣé mi ò lè fi píà tiwa yìí ṣe é, èyí tí à ń fi búrẹ́dì jẹ? Èkejì, ìwọ̀ oòrùn ni fẹ́ǹsì wa dojú kọ, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi mọ ọ́n. Tí ẹ bá gbé ọwọ́ lé e ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ ó yára gbé e kúrò.

Olùtọ́jú Ọgbà

Píà tiwa kò dára fún un, Mọ̀mí. Igi ńlá ni, ó lè ga ju mítà mẹ́wàá lọ, ṣóńṣó ẹ̀ka rẹ̀ ló sì ti ń tanná. Bí ẹ bá ń gé ṣóńṣó ẹ̀ka kó lè dúró lórí wáyà, òdòdó lẹ ń gé dànù yẹn. Máńgòrò náà bẹ́ẹ̀.

Gúáfà ni mo dúró tì. Ara ọ̀mùnú tuntun ló ti ń tanná, ní abíyá ewé, ìyẹn ibi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka. Ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí ẹ̀gbọ́n tó wà ní Leeds sọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe da méjèèjì pọ̀. Ti píà òyìnbó, ẹ̀ka àtijọ́ là ń tọ́jú. Ti gúáfà, bí ẹ kò bá gé e, ọ̀mùnú tí yóò yọ kò ní pọ̀, bí ọ̀mùnú kò bá sì pọ̀, èso kò ní pọ̀. Nítorí náà, bí apá bá ti dùbúlẹ̀ sórí wáyà tán, tó sì ti ń yọ àwọn ẹ̀ka kéékèèké, ẹ gé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kó ku ìpín ewé méjì tàbí mẹ́ta (ewé gúáfà máa ń yọ ní méjì-méjì, ọ̀kan dojú kọ èkejì). Láti abíyá àwọn ewé tó ṣẹ́kù yẹn ni ọ̀mùnú mìíràn yóò ti yọ, òdòdó yóò sì wà lára rẹ̀. Láti ìgbà tó bá tanná, ẹ fún un ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí márùn-ún kó tó pọ́n.

Ẹ fọwọ́ kan ọ̀mùnú gúáfà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bó bá ṣì tutù yọ̀yọ̀, ẹ ó rí i pé kò rí roboto, igun mẹ́rin ló ní. Ìgbà yẹn ló ṣeé tẹ̀. Bó bá ti di roboto, tí èèpo rẹ̀ ti pọ́n díẹ̀, tó sì fẹ́ máa bó, ó ti le, á dá mọ́ yín lọ́wọ́ láti ìdí.

Ní ti fẹ́ǹsì yín, ooru tí wọ́n ń wá kiri lọ́hùn-ún ni àwa ń sá fún. Ẹ má ta wáyà mọ́ ara búlọ́ọ̀kù. Ẹ ri òpó sílẹ̀, kí ó jìnnà sí fẹ́ǹsì tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín wọn kọjá. Àlàfo yẹn ni kò ní jẹ́ kí ewé jóná lóṣù Kejì, òun náà ni kò ní jẹ́ kí àwọn kòkòrò funfun bí òwú rí ibi sá pamọ́ sí lẹ́yìn ewé.

Bàbá Mọ́níyà

Ẹ kú àpérò o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ, ó dára. Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ohun tí mo rí i pé ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà ni ikán. Ẹni tó bá fi ọparun tàbí pákó ṣe òpó n'Ìbàdàn, ikán ni yóò jẹ ẹ́. Àsìkò tí igi bá wúwo fún èso gan-an ni òpó á dà wó. Irin ni kí ẹ lò. Ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ dára fún àwọn ọ̀pá tó dagun tí a ó so ẹ̀ka mọ́ fún ìgbà díẹ̀, torí pé orí wáyà ni wọ́n á wà, wọn kò ní kan ilẹ̀.

Èkejì, ẹ má fi wáyà tàbí okùn rọ́bà so ẹ̀ka. Àkísà ni kó jẹ́. Ẹ ya ánkàrá tó ti gbó ní fífẹ̀ ìka méjì, kí ẹ gbé e yí ẹ̀ka ká, kí ẹ lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan láàárín ẹ̀ka àti wáyà, kí ẹ tó wá ta á ní kókó lára wáyà. Lílọ́ yẹn ni kò ní jẹ́ kí irin máa ha èèpo igi bí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ tú u, kí ẹ so ó mìíràn. Lásìkò òjò, ẹ̀ka tètè máa ń sanra, ìdè á sì wọ inú èèpo rẹ̀ ṣinṣin.

Wẹ́dà Ìwó Ròòdù

Bàbá, ẹ ṣé. Mọ̀mí, ẹ ní kí wẹ́dà gé áńgù tàbí páìpù tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ fún yín, kí ẹsẹ̀ bàtà méjì wọlẹ̀ nínú kọnkéré. Ẹ má jẹ́ kí òpó kan jìnnà sí èkejì ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ, kí wáyà má bàa rọ̀. Ẹ ní kó dá ihò sí i lára nígbà tó ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Wáyà tí kì í dípẹtà ni kí ẹ rà, kí ẹ sì ní kó fi bóòtì gígùn onínọ́ọ̀tì sí ìparí wáyà kọ̀ọ̀kan. Bí wáyà bá rọ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹ ó kàn yí nọ́ọ̀tì yẹn, á tún le. Kí ẹ kun gbogbo irin náà kí ẹ tó rì í mọ́lẹ̀.

Ọlọ́sàn Àpáta

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà ọsàn wẹ́wẹ́ o. Ó dára lórí wáyà, ewé rẹ̀ kéré ju ti gúáfà lọ, ó sì máa ń ṣù dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀gún! Ibi tí ẹ sọ pé kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ, tí ọmọdé ń gbà kọjá, igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ẹ̀yìn ibi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà ni kí ọsàn wà. Ẹ má sì gé e púpọ̀ bíi gúáfà. Èyí tó bá yọ ṣánṣán sókè, èyí tó bá kọjú sí ògiri, àti èyí tó ti kú nìkan ni kí ẹ máa yọ.

Ọ̀rọ̀ mìíràn kan gúáfà náà. Apá tó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, ojú ọ̀run ni ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí. Bí ẹ bá gé gbogbo ewé orí rẹ̀, oòrùn yóò sá èèpo rẹ̀ títí tí yóò fi là. Ẹ po ẹfun mọ́ omi, kí ẹ fi búrọ́ṣì kùn ún lókè apá tí kò bá ní ewé lórí. Àwọn tó ń gbin ọsàn púpọ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí igi wọn.

Ìyá Akóbọ̀

Ẹ̀gún kọ́ ni mo ń wá, gúáfà ni màá gbìn. Ìgbà wo gan-an ni kí n máa gé e? Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ìgbàkúùgbà ni.

Bàbá Mọ́níyà

Kì í ṣe ìgbàkúùgbà. Ẹ dúró de òjò. Bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, tí ilẹ̀ ti mu omi, ẹ wá gé e.

Olùtọ́jú Ọgbà

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ èmi ń gé e ṣáájú òjò, láti ìparí oṣù Kejì sí àárín oṣù Kẹta, fún ẹni tó bá ní kànga tàbí omi ẹ̀rọ. Ojú egbò á gbẹ kíá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá fi máa dé, ọ̀mùnú ti wà lójú ọ̀nà. Ẹni tí kò bá ní omi, ti Bàbá ni kó ṣe.

Ohun tí àwa méjèèjì jọ fara mọ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni má gé gúáfà púpọ̀ lóṣù Kọkànlá. Ọ̀mùnú tó bá yọ nígbà yẹn, inú ọyẹ́ ló ń lọ, yóò rọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má ṣe gé ẹ̀ka ńlá láàárín oṣù Kẹfà tàbí oṣù Kẹsàn-án tí òjò Ìbàdàn máa ń pọ̀ jù, kí ojú egbò má bàa rà. Láàárín méjèèjì, nígbà tí òjò bá dá lóṣù Kẹjọ, ẹ lè tún un ṣe díẹ̀, kí ẹ gé ṣóńṣó ẹ̀ka tó ti kọjá àyè rẹ̀.

Àwọn ẹ̀ka tó bá ń yọ gangan sókè láti ẹ̀yìn apá, ẹ má dúró dè wọ́n di ìgbà kankan. Ẹ fi èékánná já wọn nígbà tí wọn kò tíì gùn ju ìka kan lọ. Bí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n dàgbà, àwọn ni yóò máa gba gbogbo oúnjẹ, apá tí ẹ fi sùúrù tẹ̀ á wá tẹ́ẹ́rẹ́.

Ẹlẹ́so Bódìjà

Èmi kì í gbìn ín, títà ni mò ń tà á, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń bà á jẹ́. Eṣinṣin èso ni. Á gún gúáfà nígbà tó bá ń gbó bọ̀, á yé ẹyin sínú rẹ̀, ẹ ó sì bá ìdin nínú èyí tí òde rẹ̀ ń dán. Àǹfààní igi tó wà lórí wáyà ni pé gbogbo èso rẹ̀ ni ọwọ́ yín tó. Nígbà tí èso bá ṣì le, tó ṣì tutù, ẹ fi bébà wé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ so ẹnu rẹ̀ sí ọrùn ẹ̀ka. Ẹ má fi ọ̀rá wé e o, ooru á sè é. Gbogbo èyí tó bá já bọ́ sílẹ̀, ẹ ṣà á lójoojúmọ́, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá dúdú, kí ẹ gbé e sínú oòrùn kí ìdin inú rẹ̀ lè kú.

Kòkòrò funfun tí ẹ sọ yẹn, ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ omi, kí ẹ fi kànrìnkàn nù ún kúrò lábẹ́ ewé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ wo ìdí igi bóyá èèrà ń gòkè, nítorí èèrà ló ń ṣọ́ wọn.

Aládùúgbò Rere

Ẹ gbà mí láyè kí n sọ kinní kan. Bí fẹ́ǹsì yẹn bá jẹ́ ti ẹ̀yin àti ará ilé kejì, ẹ lọ kí wọn, kí ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀. Ìpìlẹ̀ fẹ́ǹsì ni wọn yóò máa bẹ̀rù. Àjàkù ẹ̀ka náà ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kó bọ́ sí ọ̀dọ̀ wọn.

Ìyá Akóbọ̀

Ọ̀rọ̀ yín gún régé. Àwa la ni fẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n màá sọ fún wọn. Mélòó ni kí n gbìn sí ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà, níbo ni mo sì ti lè rà á?

Olùtọ́jú Ọgbà

Méjì ti tó. Apá kọ̀ọ̀kan yóò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà tàbí méje, àyè díẹ̀ yóò sì ṣẹ́kù láàárín igi kìíní àti èkejì. Ipele mẹ́ta ni kí ẹ ṣe, kì í ṣe mẹ́rin, torí ewé gúáfà tóbi: wáyà àkọ́kọ́ kí ó ga ní 50 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀, kí àwọn tó kù jìnnà síra ní 50. Ipele òkè kò ní ga ju ẹni tó nawọ́ lọ.

Ẹ lè béèrè ní NIHORT ní Ìdí-Ìṣin, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1975. Wọ́n máa ń ta ọ̀dọ́ igi eléso. Èyí tí kò tíì ní ẹ̀ka, tó nà gbọọrọ, ni kí ẹ mú, kódà bí èyí tó ti pẹ̀ka bá wuyì jù ú lọ. Tó bá ti pẹ̀ka, ẹ̀ka rẹ̀ kò ní bọ́ sí ibi tí wáyà yín wà. Ẹ gbẹ́ ihò sílẹ̀ nísinsìnyí, kí ẹ da ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà mọ́ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, kí ẹ gbin igi nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé lóṣù Kẹrin tàbí Karùn-ún. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, kó má kan ara igi, torí ikán tí Bàbá sọ.

Ọmọ Ìbàdàn Lókè Òkun

Kí ẹ sì já òdòdó tó bá kọ́kọ́ yọ dànù, Mọ̀mí. Níbí, a kì í jẹ́ kí ọ̀dọ́ píà so kí apá rẹ̀ tó nà tán. Agbára tó yẹ kó fi gùn ni yóò fi bọ́ èso.

Bàbá Mọ́níyà

Ẹ já èyí tó pọ̀ dànù, ṣùgbọ́n kí ẹ fi ẹyọ kan tàbí méjì sílẹ̀ nítòsí ìdí igi, níbi tí kò ti ní fa apá wálẹ̀, kí àwọn ọmọ lè rí i tọ́ wò. Mo ní òpó irin mẹ́ta nílé tí n kò lò mọ́, Ìyá Akóbọ̀. Bí ẹ bá rí ẹni tó lè wá gbé e ní Mọ́níyà, ti yín ni.

Ìyá Akóbọ̀

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an, ẹ ó jẹ èrè iṣẹ́ yín. Bàbá àwọn ọmọ yóò wá gbé e lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti ń ya ánkàrá.